Ẹ̀yìn Ọmọ Tí Wọ́n Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí eegun ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti padà dé ilé. Ojú ọgbẹ́ ti jinná. Ọmọ ń jẹun, ó ń rìn. Síbẹ̀, bí aṣọ lásán bá kàn án lẹ́yìn, yóò ké. Kí ló fà á?

Ẹ̀yìn ọmọ mìíràn wọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ti òmíràn, kòkòrò ikọ́ ife ló jẹ eegun rẹ̀ títí iké fi yọ. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe abuké. A ti wá mọ̀ pé kòkòrò ló ń fa ti ẹlòmíràn, oògùn sì wà fún un. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe àjòjì nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Ọdẹ́kú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní UCH n'Íbàdàn.

Nígbà tí abẹ bá la awọ, ó ń gé àwọn iṣan tín-ín-rín tí a fi ń mọ ìrora. Wọ́n máa ń hù padà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bí ínǹṣì 1 lóṣù. Nítorí náà òkè lè jinná kí inú má tíì jinná. Ibì kan á máa ta ọmọ, ibì kan á kú, ibòmíràn á máa yún un. Ó lè tó oṣù mélòó kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, ọmọ kò sì ṣe àkẹ́jù.

Ìyá àgbà lè ní, "Ẹ gbé omi gbígbóná wá ká fi jó o." Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bi dókítà ná." Ibi tó ti kú lára kò mọ iná, omi á bó o, ọmọ kò ní mọ̀. Ẹ má ṣe pọ̀n ọ́n títí dókítà yóò fi gbà, nítorí ojú àpá gan-an ni ọ̀já máa ń fún. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Korobá omi ńkọ́? Kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rù ú.

Bí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé pátápátá, tí dókítà sì gbà, ẹ máa fi aṣọ òwú tó rọ̀ ra ẹ̀gbẹ́ àpá náà jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tí ikọ́ ife fa tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ pé, bó tilẹ̀ ń sáré kiri. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní ilé ìtọ́jú ìjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ ra ìwé kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ ọjọ́, ibi tó dùn ún, àti ohun tó ń ṣe. Báyìí:

Ọjọ́ Ajé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ó gbé báàgì ìwé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú àpá. Aṣọ há a.

Bí ìrora bá ń dínkù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pọ̀ sí i, tàbí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ọyún ń jáde, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tàbí ìtọ̀ ń dà á lára láìmọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tó wà nínú káàdì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ará Ìfọ̀ wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, kí ará Mówè àti Ìbafò gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí Ṣágámù tàbí Èkó. Ẹ mú ìwé náà dání. Dókítà á fẹ́ rí i.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí omi gbígbóná fi léwu fún ibi tó ti kú lára? Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé yín, bí ẹ ó ti kọ ọ́ fún dókítà.