Ẹrù Orí àti Ẹrù Ọkàn

Ẹ jẹ́ kí á wo obìnrin kan ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ìgbà ẹ̀rùn ni. Omi jìnnà. Ó ń ru abọ́ omi ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò tíì pé. Lálẹ́, kò rí oorun sùn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó dàbí pé èèrà ń rìn ní ìka rẹ̀. Ọrùn ń dùn ún, àyà rẹ̀ ń já. Àwọn aládùúgbò ní, "Ayé ló ń ṣe é." Wọ́n ní kí ó ta ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti fi wá ìdí ọ̀ràn náà.

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún un?

Kí ni iṣan ara?

Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ni à ń wí. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ara wa. Wọ́n ti inú ọpọlọ wá, wọ́n gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, wọ́n dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí iná bá jó yín níka, àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ.

Iṣẹ́ líle

Lítà omi kan wọn kílò kan. Bí ẹ bá ru lítà 30, kílò 30 ló wà lórí ọrùn yín, láìka abọ́. Ẹrù náà lè mú kí iṣan fún ní ọrùn. Ọwọ́ á kú, tàbí kó máa ta bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ roko láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lè ní ìrora tó gba ìdí sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ẹni tó ń yan gàrí lójoojúmọ́, iṣan lè fún un ní ọrùn ọwọ́.

Ìrònú

Ìrònú náà jẹ́ ẹrù. Bí ìbẹ̀rù bá mú wa, ara á múra bí ẹni tó fẹ́ sá fún ejò. Àyà á máa lù kìkì. Ẹran ọrùn àti èjìká á le. A ó máa mí kíákíá, èyí nìkan sì lè mú kí ìka àti ètè máa ta wá. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí ìwé kíkà wọ̀ lọ́rùn. Orí ń gbóná wọn, ó sì dàbí pé nǹkan ń rìn lára wọn.

Nítorí náà, obìnrin wa kò parọ́. Kò ya wèrè. Ẹrù méjì ló pàdé lára rẹ̀.

Kí ni kí á ṣe?

1. Ẹ lo abọ́ kékeré, tàbí kí ẹ fi ọmọlanke gbé omi.
2. Ẹ máa dìde na ẹ̀yìn bí ẹ bá ń roko.
3. Bí àyà bá ń já, ẹ jókòó. Ẹ mí sínú jẹ́jẹ́, ẹ ka 3. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́, ẹ ka 5.
4. Ẹ má dá ìbànújẹ́ gbé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán.
5. Ẹ má ra tramadol lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ó ń pa ìrora mọ́lẹ̀, ẹ ó sì máa ru ẹrù tó ń ṣe yín léṣe lọ. Ó ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì.

Ẹ má ṣe dúró

Bí apá kan ara bá kú lójijì, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara, bí ẹsẹ̀ bá ń di aláìlágbára, tàbí bí ẹ kò bá lè mú ìtọ̀ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ojú ara kan bá funfun díẹ̀ tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn, ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú, tí òùngbẹ ń gbẹ yín, tí ẹ sì ń tọ̀ ṣáá, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún àtọ̀gbẹ.

Ẹ sọ fún obìnrin wa pé kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kó tó ta ewúrẹ́ rẹ̀. Kí àwọn ará ilé sì bá a pọn omi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbéèrè

1. Ẹrù méjì wo ni obìnrin náà ń rù?
2. Ta ló ń pọn omi jù ní ilé yín? Báwo ni ẹ ṣe lè pín iṣẹ́ náà?
3. Àmì wo ló ń sọ pé kí á lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà?