Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Owó Inú Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ ń kọ ebè ní oko yín ní Okpomèta. Ọkọ́ kan nǹkan, ó dún bí irin. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ mú un, ẹ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀. Owó àtijọ́ ni! Kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ tó dáhùn.

Owó àwọn baba wa

Kí owó òyìnbó tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Láti erékùṣù Maldives, tí ó wà láàárín òkun, ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ 2,000. Èyí ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ 20,000. Èyí ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún alágbára.

Nígbà náà kò sí báńkì. Inú ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó owó sí, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa ìlú Kétu run. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbèkùn. Ẹni tí ogun ń lé kò lè gbé ọ̀kẹ́ owó sá. Bí ẹni tí ó ri owó mọ́lẹ̀ kò bá padà, owó rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní.

Lẹ́yìn náà ni owó onírin dé. Ní ìhà ti wa, fàráǹkì ni. Owó 1 fàráǹkì ti ọdún 1948 ní orí ẹranko oníwo ní ẹ̀yìn. Ní ìhà Nàìjíríà, ọ̀níní àti kọ́bọ̀ tí ó ní ihò láàárín ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Agbègbè Kétu bá Nàìjíríà pààlà, nítorí náà a lè rí owó méjèèjì nínú ilẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó mọ ìwé lè ka orúkọ ilẹ̀ àti ọdún tí ó wà lára wọn.

Ẹ̀rọ tí ń wá irin

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń wá owó àtijọ́ fún ìgbádùn ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò. Ó dà bí ọ̀pá tí ó ní àwo pẹlẹbẹ ní ìsàlẹ̀. Wáyà tí a ká wà nínú àwo náà, bátìrì sì ń fún un ní iná. Bí àwo náà bá kọjá lórí irin, bàbà, fàdákà tàbí wúrà, ẹ̀rọ náà yóò ké. Ṣùgbọ́n ó ń ké fún ìṣó àti ìdérí ìgò pẹ̀lú. Bí owó kékeré bá jìn ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ, kì í sábà gbọ́ ọ. Kò sì lè gbọ́ owó ẹyọ rárá, nítorí owó ẹyọ kì í ṣe irin.

Ẹni tí ó wá òòlù

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, òòlù àgbẹ̀ kan sọnù sínú oko ní abúlé Hoxne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ láti bá a wá a. Ẹ̀rọ ké. Owó fàdákà àti wúrà ni ó rí! Kò hú gbogbo rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Àwọn yẹn wá, wọ́n rọra hú u. Owó tí ó wà níbẹ̀ tó 15,000. Láti ara bí ohun gbogbo ti tò, wọ́n mọ̀ pé inú àpótí igi ni ó wà tẹ́lẹ̀, bí igi náà tilẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé lẹ́yìn ọdún 407 ni wọ́n rì í, nígbà tí ìjọba Róòmù ń tú ká níbẹ̀. Ìjọba san pọ́n-ùn 1,750,000. Eric Lawes àti àgbẹ̀ náà pín in. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú!

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bí ẹ bá rí owó àtijọ́ nínú ilẹ̀:

1. Ẹ dá ọkọ́ dúró. Ohun mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀.
2. Ẹ má fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Yóò bàjẹ́.
3. Ẹ ri igi mọ́ ojú ibẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà, ibẹ̀, àti bí ó ti jìn tó sínú ìwé yín.
4. Ẹ sọ fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti fún baálẹ̀. Ẹ lọ sí méérì ní Kétu.
5. Ẹ má hú ilẹ̀ ní Àkàbà Ìdènà, ní ara odi àtijọ́, tàbí ní ojú oórì. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2007 àti ní ọdún 2021 láti dáàbò bo àwọn ohun àjogúnbá.

Bí ẹ bá tà á fún ẹni tí ń kọjá lọ, owó tí ẹ gbà yóò tán kí ọjà mìíràn tó pé. Kò sí ẹni tí yóò tún lè mọ ẹni tí ó rì í, tàbí ohun tí ó lé e kúrò nílé. Ẹni ilé wa lè ni. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó dé tí ẹ̀rọ náà kò lè gbọ́ owó ẹyọ?
2. Okùn 25 jẹ́ owó ẹyọ mélòó?
3. Kí ni Eric Lawes ṣe nígbà tí ó rí owó?
4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nínú ilé yín: owó wo ni ó kọ́kọ́ ná? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta.