Ọpọlọ Mẹ́jọ Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Mélòó Ló Ń Ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, tàbí tó ń bá èèyàn ṣírò owó orí, ló ní ọmọ kan nílé tó ń fi èdè Python ṣe ìṣirò ìwé owó. Bí ìṣirò náà bá ń falẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ mú sùúrù ná.

Láti ọdún 2005 ni Intel àti AMD ti ń ta kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ méjì fún ìlò ilé. Ọpọlọ yìí ni wọ́n ń pè ní core. Tiyín lè ní mẹ́jọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá kọ prógíráàmù Python lásán, ẹyọ kan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, méje tó kù á káwọ́ gbera.

Àgádágodo kan tó wà nínú Python, tí wọ́n ń pè ní GIL, ló fà á. Ẹ fojú inú wo aláṣè mẹ́jọ nínú ilé ìdáná kan tó ní ọmọrógùn ẹyọ kan: ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè rokà. Downtown Atlanta níbí ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ní oṣù kejì ọdún 2010, àwọn oníṣẹ́ Python ṣe ìpàdé PyCon ní Hyatt Regency, Peachtree Street. David Beazley fi hàn níbẹ̀ pé bí a bá pín ìṣirò fún thread méjì lórí ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ púpọ̀, ó lè pẹ́ ju kí a ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n ń du ọmọrógùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. (Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì, thread dára, torí ẹni tó ń dúró á gbé ọmọrógùn sílẹ̀.)

Ọ̀nà àbáyọ ti wà láti oṣù kẹwàá ọdún 2008, nígbà tí Python 2.6 mú multiprocessing jáde. Èyí fún aláṣè kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ká ní iye owó oṣooṣù yín wà nínú fáìlì, iye kan lórí ìlà kan:

from multiprocessing import Pool

def siro(faili):
    iye = 0
    for ila in open(faili):
        iye = iye + float(ila)
    return iye

if __name__ == "__main__":
    awon_faili = ["osu1.txt", "osu2.txt", "osu3.txt"]
    with Pool(3) as p:
        print(p.map(siro, awon_faili))

Ẹ má fo ìlà "if __name__" yẹn. Lórí Windows, òṣìṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan máa ń ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Láìsí ìlà yìí, òun náà á tún fẹ́ máa gba òṣìṣẹ́.

Fún fáìlì kékeré, ẹ má dààmú ara yín: àtikó dátà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gùn ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ibi tí owó ń bá lọ gan-an nìyí. Gene Amdahl ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1967 (ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí Hyatt tí mo dárúkọ). Bó ti wù kí àwọn tó wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ pọ̀ tó, ọ̀nà oko ò ní kúrú sí i. Ká ní iṣẹ́ kan gba ìṣẹ́jú 60, tí 12 nínú rẹ̀ kò ṣeé pín. Ọpọlọ mẹ́jọ á sọ 48 tó kù di 6, àpapọ̀, 18. Ẹ sọ ọpọlọ di 16, àpapọ̀ á di 15. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ rí jẹ lórí ọpọlọ ìlọ́po méjì. Lójú tèmi, owó yẹn ì bá wúlò jù nínú ọjà.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, Python 3.14 ti ní ẹ̀yà kan tí kò lo àgádágodo yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa yàn án; èyí tí gbogbo ayé ń lò ṣì ń lò ó.

Lálẹ́ òní, bí prógíráàmù náà bá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, kí ẹ sì wo Performance. Bí ọpọlọ kan bá ń làágùn tí àwọn yòókù ń sùn, multiprocessing ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbìyànjú, kì í ṣe ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà.