Kóńgò Kánádà Kò Ní Èènì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ní Kánádà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ mọ ìyá elégàárí lọ́jà: bó bá wọn kóńgò tán, á máa bù ú lé e títí gàrí á fi mú ṣóńṣó lórí, á sì tún fi èènì sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ yín lọ bá kì í wọn tiwọn báyẹn. Etí kóńgò ni wọ́n ń gé e dé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpò ọ̀rá wá sílé mi, ìwé owó iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní, "Bàbá, mo ti pé o. Wákàtí 1,560 ni wọ́n ní ká ní, tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀." A da ìwé sórí tábìlì, mo mú báírò.

Ìdì kìíní ni ti abọ́ tó ń fọ̀ nígbà tó wà nílé ìwé. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: Canadian Experience Class, ọ̀nà tó fẹ́ fi gba páálí, kì í ka iṣẹ́ tí èèyàn ṣe nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún. Ìdì kejì, ọdún kan tó fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Òun náà kúrò. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín iṣẹ́ sí, láti 0 dé 5. Èyí tó wà ní 0 sí 3 nìkan ni kóńgò yìí ń gbà. Ìpele 5 ni ìgbowó wà. Ó wá ku iṣẹ́ kúùkù, ìpele 3, tó ti ṣe fún ọ̀sẹ̀ 39.

Ó ní, "Wákàtí 45 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀. 1,755 nìyẹn, Bàbá!" Òótọ́ ni, àmọ́ bó ti wù kéèyàn ṣe tó, 30 ni wọ́n ń kà lọ́sẹ̀ kan. 15 tó lé, orí kóńgò ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń nù ún dànù. 1,170 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ló ṣẹ́ kù kó pé.

Ó dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà tó máa lanu, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní kí òun bẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kó kọ ọ́ pé alábòójútó lòun níbẹ̀. Mo ní, "Má dán an wò. Ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe oyè. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọdún 5 ni wọ́n á fi tilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣé torí ọ̀sẹ̀ 13?"

Kì í ṣe dandan kí iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Kánádà so kọ́ra. Wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì á kún un, ibi iṣẹ́ méjì sì lè para pọ̀, bí gbogbo rẹ̀ bá ti bọ́ sáàárín ọdún 3 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé. Iṣẹ́ ara ẹni àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà, ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn.

Ibi iṣẹ́ tí ẹ bá ń kúrò, ẹ gba lẹ́tà kí ẹ tó jáde: iṣẹ́ tí ẹ ṣe gan-an, ọjọ́ tí ẹ fi ṣe é, wákàtí ọ̀sẹ̀, owó, ìfọwọ́sí ọ̀gá. Bí Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa bèèrè páálí, bá pè yín, ọjọ́ 60 péré lẹ ní láti kó ìwé sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn kọ́ là ń wá ọ̀gá àtijọ́ kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé, ó kàn yín. Federal Skilled Worker, ọ̀nà páálí mìíràn, ń ka iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Nàìjíríà, bó bá jẹ́ ọdún kan tí kò dá dúró, láàárín ọdún 10. Èmi ò gba lẹ́tà nígbà tí mò ń kúrò n'Íbàdàn. Ìgbà tí mo wá a dé, iléeṣẹ́ ti kógbá sílé, fóònù ọ̀gá mi ò lọ mọ́. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà, mi ò rí bébà kan nà sókè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin àpò ọ̀rá yẹn padà sídìí ààrò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 13 pé, mo ní kó fi méjì sí i, bóyá ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò pé 30. Èènì tí wọn ò fún wa, àwa la fi sí i fúnra wa.