Àjọkẹ́, Kí Lo Rí Nínú Igbó Epping?

Àjọkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ tí o ń họ láti àná yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní bú ọ. Bí mo bá sì bú ọ, o mọ̀ pé ó tọ́ sí ọ.

Ta ló ń wọ ṣòkòtò péńpé wọ igbó Epping lẹ́bàá London? Eégbọn ń bẹ nínú koríko ibẹ̀, àgbọ̀nrín ló ń gbé e kiri. Ṣòkòtò gígùn là ń wọ̀, a ó fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó, bí a bá sì délé, a ó yẹ ara wa wò dáadáa. Bí ojú ibi tí o ń họ yìí bá pọ́n, tó ń fẹ̀ sí i, dókítà ló kàn, má wulẹ̀ fi ìpara pa á. Kánfáàsì ńkọ́? Ilẹ̀ amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. O wá wọ kánfáàsì funfun lọ. Funfun, Àjọkẹ́!

Èyí tó dùn mí jù ni pé o gun kẹ̀kẹ́ láti Chingford dé High Beach, o yí padà kíá, mo bi ọ́ pé kí lo rí, o ní, "Igi ni, Àǹtí."

Igi! Àwọn beech àti hornbeam tí ara wọn rí gúlútú yẹn, tí ẹ̀ka ńláńlá ń yọ láti ojú kan lókè, ṣé o rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe hù ni? Àwọn tálákà ló ń gé wọn lórí fún igi ìdáná. Òkè ni wọ́n ti ń gé e, kí màlúù àti àgbọ̀nrín má baà jẹ èéhù tútù tó bá rú. Ní Loughton, òru ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àfi ìgbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ náà fi ọgbà yí igbó ká, tí ó fẹ́ kí wọ́n máa kọ́lé síbẹ̀. Bàbá kan tó ń jẹ́ Thomas Willingale ní òun kò gbọ́ èyí tí wọ́n ń wí, igi lòun ń gé. Wọ́n kó nínú ẹbí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó yá, City of London Corporation, àwọn aláṣẹ àárín ìlú London, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì borí ní 1874. Òfin igbó Epping tẹ̀ lé e ní 1878: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọgbà gba igbó náà mọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọ́ sí o. Òfin yẹn kan náà ló fòpin sí igi gígé. Wọ́n sanwó gbà-má-bínú, nínú owó náà ni wọ́n ti kọ́ Lopping Hall ní Loughton. Ní 1882, Ọbabìnrin Victoria wá sí High Beach láti fi igbó lé aráàlú lọ́wọ́, èrò rẹpẹtẹ, àtẹ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì. Willingale ti kú nígbà yẹn. Bí ayé ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìwọ wá ń sanwó jíìmù lóṣooṣù láti gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, nígbà tí igbó tó tó nǹkan bíi 2,400 hẹ́kítà wà lẹ́yìn ilé rẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò ní kẹ̀kẹ́ burú. Ọ̀nà tó dára wà fún un níbẹ̀. Bí o bá rí ẹṣin níwájú, rọra, kí o ké sí ẹni tó gùn ún kí o tó kọjá. Má sì gun kẹ̀kẹ́ dé Loughton Camp tàbí Ambresbury Banks. Yàrà àti òkìtì tí àwọn ará àtijọ́ ṣe nìyẹn, ó ti lé ní 2,000 ọdún. Bí ẹnìkan bá ń fi táyà họ yàrà Sùngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣé inú bàbá rẹ á dùn? Ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ lọ sun súyà níbẹ̀, sọ fún un pé wọn kì í dáná nínú igbó yẹn. Olú náà, kò gbọdọ̀ já a, ì báà dùn lójú.

Sátidé tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ ni. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn. Láti ibùdó reluwé Chingford, a ó kọ́kọ́ yà sí ilé tí wọ́n kọ́ fún Ọba Henry Kẹjọ ní 1543 kó lè máa wo ọdẹ ṣíṣe láti òkè, lẹ́yìn náà a ó yí adágún Connaught ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi á se mọ́ínmọ́ín, ìwọ á gbé fúláàsì tíì. Bàtà òjò ẹ̀gbọ́n rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lọ wò ó bóyá á gba ẹsẹ̀ rẹ. Bó bá tóbi, wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.