Ọwọ́ Tó Ń Tún Àwọ̀n Ṣe Náà Fẹ́ Ẹwà: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tó Ń Tẹ Òǹtẹ̀ Sórí Èékánná

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń fi òǹtẹ̀ èékánná dánra wò nínú ilé ní Ugbonla àti ní àwọn ìlú etí omi yòókù, iṣẹ́ tí ẹ yàn bá ibi tí a ń gbé mu ju èyí tí àwọn ará Èkó fi ń yangàn lọ. Jẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé ń sáré lé kò lè le láìsí iná UV, iná UV kò sì lè tàn láìsí iná mànàmáná. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná ìjọba ṣe rí lọ́dọ̀ àwa Ìlàjẹ. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí èékánná mẹ́wàá, epo ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Òǹtẹ̀ kò béèrè iná. Kútẹ́ẹ̀sì lásán ni a fi ń ṣe é, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un gbẹ. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, òǹtẹ̀ rọ́bà tàbí sílíkóònù kan, ike kan tí a fi ń fá kútẹ́ẹ̀sì kúrò lórí irin, ó tán.

Mi ò bá jẹ́ẹ̀lì jà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló yẹ kí ẹni tó ń dá kọ́ṣẹ́ nínú ilé fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní methacrylate, tó wà nínú jẹ́ẹ̀lì àti akírílíìkì, ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára jà, pàápàá àwọn tó ra irinṣẹ́ lọ sílé tí wọ́n ń dá a ṣe fúnra wọn. Bí jẹ́ẹ̀lì tí kò tíì le bá ń kan awọ léraléra, ara lè kọ̀ ọ́ títí ayé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de TPO, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń mú jẹ́ẹ̀lì le lábẹ́ iná. Ọjà tí wọ́n bá lé kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ mọ ibi tó máa ń yà sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni òǹtẹ̀. Kí a tó bí mi ni wọ́n ti ń ṣe ìbátan rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ, àwọn ọkùnrin ní tiwọn a máa gé àwòrán sára páànù, wọn a gbé páànù náà lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ fá a kọjá. Ti àwọn tó ń ṣe aago ọwọ́ tilẹ̀ sún mọ́ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ: irin tí wọ́n gbẹ́, àti rọ́bà rírọ̀ tó ń gbé yíǹkì láti inú irin lọ sójú aago. Ilé-iṣẹ́ Konad ti Kòríà wà lára àwọn tó gbé irú ọgbọ́n yìí wá sórí èékánná tí wọ́n sì tà á káàkiri ayé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ẹ ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ kíkùn. Ẹni tó ń kùn lè fara balẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ kò ní àǹfààní yẹn.

Ìdí ni pé omi olóòórùn inú kútẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ fò lọ kí kútẹ́ẹ̀sì tó gbẹ, èyí tó wà nínú ihò àwòrán sì fẹ́lẹ́ gan-an. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ ní. Kí ẹ tó dáhùn ẹni tó ń kí yín lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ mọ́ irin. Nítorí náà, ẹ to gbogbo nǹkan síwájú kí ẹ tó ṣí ìgò. Ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn òkun kò ti ní kọjú sí yín. Ilé orí òpó wa dára fún ìtura, ṣùgbọ́n bí gbogbo fèrèsé rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, òǹtẹ̀ kò ní gbé nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà òjò ẹ̀wẹ̀, orí èékánná ni wàhálà máa ń wà: ojú kútẹ́ẹ̀sì á ti gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì rọ̀, òǹtẹ̀ á sì bó o kúrò pẹ̀lú àwòrán. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pẹ́ ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Àwọn tó kọ ọ́ kò gbé etí omi.

Irin tuntun máa ń ní ọ̀rá búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú. Ẹ bó o. Mo ti rí ẹni tó ń bú ẹni tó ta irin fún un ní oníjìbìtì, ọ̀rá ni kò bó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ sí etí àwòrán, ẹ jẹ́ kí ike ìfá yín fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fúyẹ́fúyẹ́ fá a kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Káàdì báńkì tó ti kú ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ohun ìfá tó ní irin lẹ́nu máa ń ha ojú àwòrán jẹ. Ẹ má fá a lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìfá kejì ló ń kó kútẹ́ẹ̀sì jáde kúrò nínú ihò. Kí ẹ wá yí òǹtẹ̀ lórí àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ sì yí i bákan náà sórí èékánná. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti ń tukọ̀ láti kékeré ni mo máa ń bá wí jù lórí èyí: apá wọn le, apá náà ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe é. Agbára kọ́ ló ń gbé àwòrán kúrò lórí irin; kútẹ́ẹ̀sì tó ṣì tutù ló ń lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo kútẹ́ẹ̀sì ló ń tẹ̀. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sórí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá ṣì lè ka lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi í kun èékánná, ẹ má fi tẹ nǹkan kan. Bí ó bá ti ki jù nínú ìgò, ẹ má da àsítóònù sí i, yóò bà á jẹ́. Tínà tí wọ́n ṣe fún kútẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ kán sí i, kì í ṣe ti àwọn tó ń kun mọ́tò. Òǹtẹ̀ sílíkóònù tó mọ́ gaara dára fún ẹni tó fẹ́ rí ibi tí àwòrán yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n àsítóònù máa ń sọ ọ́ di bàìbàì. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ ṣí i kúrò, ó ti mọ́. Ní ti awọ tó yí èékánná ká, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò yí i po kí ẹ tó tẹ̀, kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ. Bí ẹ bá parí, ẹ bó o, ìdọ̀tí á bá a lọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tó ti dára ni kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ tí a fi ń bò ó. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí àwòrán fìdí múlẹ̀. Kí ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀kán tó tóbi wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, kí kútẹ́ẹ̀sì nìkan fọwọ́ kan àwòrán, kí irun búrọ́ọ̀ṣì má kàn án rárá. Bí irun náà bá kàn án, dúdú á fà wọ inú funfun, oníbàárà á sì máa wò yín.

Èékánná ike ni kí ẹ fi kọ́ gbogbo èyí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ìgò, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún, ẹ tún un tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ ọwọ́ òsì yín, kí ẹ wá fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀tún, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Kí ọwọ́ náà sì lọ ṣiṣẹ́: kí ó fọ aṣọ, kí ó bó edé, kí ó wọ omi iyọ̀. Ohun tó bá kù lórí èékánná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ lè gbowó lé. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ó máa kùn ní Ugbonla, kì í ṣe ọwọ́ fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló mú mi dé orí kútẹ́ẹ̀sì tí ojú rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ kútẹ́ẹ̀sì OPI gbé èyí tó ń sán jáde pẹ̀lú orúkọ akọrin Katy Perry. Ní 2013, wọ́n gbé oníyanrìn jáde pẹ̀lú orúkọ Mariah Carey. Ariwo ti lọ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ìgò irú wọn ṣì ń dé ọjà, àwọn ọmọbìnrin sì ṣì ń béèrè wọn. Èyí tó ń sán máa ń gbẹ kíákíá ju kútẹ́ẹ̀sì abẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń súnkì, ó bá ya. Bí ẹ bá fà á fẹ́lẹ́, ìlà rẹ̀ á wẹ́. Bí ẹ bá fà á nípọn, ìlà á gbòòrò. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ má padà sórí rẹ̀, kí ẹ sì fi aláìláwọ̀ bò ó kó lè dán. Oníyanrìn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bò ó, ẹ ti pa yanrìn náà. (Yanrìn ni wọ́n sọ ọ́, ẹrẹ̀ sì ni etíkun tiwa, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tilẹ̀ ń pè é ní etíkun ẹrẹ̀ Mahin. Ìyẹn kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti rà á.) Àwọn kan ń bu ṣúgà sórí kútẹ́ẹ̀sì tútù kí ó lè jọ oníyanrìn. Ṣúgà yóò yọ́ nígbà tí ẹni náà bá kọ́kọ́ fọ abọ́.

Ẹ má gbìyànjú láti tẹ òǹtẹ̀ sórí oníyanrìn. Òǹtẹ̀ ń fẹ́ ojú tó jọ̀lọ̀; orí òkè wẹ́wẹ́ nìkan ni àwòrán yóò dì mọ́, ìyókù á sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì, ẹ fi oníyanrìn sí ìka kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ sórí mẹ́rin yòókù. Bí ẹ bá fẹ́ yọ oníyanrìn, ẹ rẹ òwú sínú àsítóònù, ẹ gbé e lé èékánná, ẹ fi fóìlì wé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó bá ń fi irin hó o, èékánná oníbàárà ló ń hó.

Ìdájọ́ tèmi ni pé oníyanrìn kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì ojoojúmọ́ níhìn-ín. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, okùn á máa há mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹ púpúrú, púpúrú á kó sínú rẹ̀. Fún òde ọjọ́ Sátidé, ó dára. Kí ó kúrò lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Òǹtẹ̀ lórí èékánná kúkúrú ló tọ́ sí àwọn ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n sì fẹ́ ẹwà bí àwọn ọmọ wọn ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ilé gogoro Paris àti yìnyín tó kún ara irin Ṣáínà dà wọ́n láàmú. Ẹ wá irin tó ní ìgbì, ẹja, ìkarahun àti ojú àwọ̀n. Funfun lórí búlúù tó dúdú, ẹ ó rí i bí wọn á ṣe máa na ọwọ́ síwájú.

Ẹ wo ọwọ́ kí ẹ tó kùn ún. Ọwọ́ tó máa ń wà nínú omi láti àárọ̀ a máa ní àkàndùn; èékánná tó wú létí tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, ẹ má fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó, ẹ ní kí ó lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà ìmọ́tótó ọwọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2009, ní kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn má lẹ èékánná àtọwọ́dá, kí ẹnu tara wọn má sì tó ìdajì sẹ̀ntímítà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ fún un bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Bákan náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń wọ tẹ́ńpìlì pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kí kútẹ́ẹ̀sì kúrò lọ́wọ́ wọn nítorí ìjọsìn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò ní fi ẹ̀rín sọ. Nitrocellulose tó wà nínú kútẹ́ẹ̀sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn aláìléèéfín, àsítóònù sì ń gbiná láti ọ̀nà jíjìn, nítorí èéfín rẹ̀ tí a kò rí ló ń lọ pàdé iná. Ní ìlú tí a ti ń yan ẹja lójoojúmọ́, tí kẹ́ẹ̀gì epo wà lábẹ́ àga, tí igi àti ọparun wà lára ilé, ẹ má ṣí ìgò àsítóònù níbi tí ààrò, àtùpà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà. Òwú tí ẹ ti lò, ẹ kó o sínú agolo onídèérí, ẹ má jù ú sí ìdí ààrò.

Inú àpótí kan ṣoṣo tó ní ìdérí ni kí gbogbo irinṣẹ́ yín máa gbé, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ láàárín irin kan sí èkejì, nítorí atẹ́gùn iyọ̀ kì í dá irin olówó pọ́ọ́kú sí. Ẹ sì rí bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ìlú Ayétòrò lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Àpótí tó ṣeé gbé sáré ló yẹ ẹni tó ń gbé etí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ tán, ẹ fi àsítóònù nu irin lójú ẹsẹ̀, kí ihò kankan má dí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n wo iṣẹ́ òun, kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ wá, kí ó sì mú irin rẹ̀ dání. Irin ni n ó kọ́kọ́ wò. Bí mo bá rí kútẹ́ẹ̀sì àná lójú rẹ̀, kí ó padà sílé lọ nù ún kí a tó sọ̀rọ̀.