Òpó Tí Kò Gbọdọ̀ Yọ Sókè

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni mí, ọdún yìí ni mo sì máa jáde. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi ni àǹtẹ́nà tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ọkọ̀, tí kò ní ga ju mìlímítà 3 lọ, síbẹ̀ tí yóò máa fọ́n ìgbì yí ká bíi òpó àǹtẹ́nà, láti 5 GHz dé 6 GHz. Olùkọ́ mi ní kí n lo ìgbì tó ń rìn lójú pátákó. Mo to bàbà wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin sójú pátákó FR4, mo wá gbá ìṣó bàbà láti àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé irin ìsàlẹ̀, bí mo ṣe rí i nínú àwòrán kan. Kọ̀ǹpútà fi hàn pé báńdì rẹ̀ há gádígádí, ìgbì ọ̀hún kò sì dé etí pátákó rárá. Kí ni kí n ṣe?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tí o ṣàlàyé yékéyéké. Ìṣó tí o dárúkọ yẹn ti fi ibi tí àrùn wà hàn mí. Yọ gbogbo wọn kúrò.

Ó jọ pé inú iṣẹ́ Dan Sievenpiper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1999, ni àwòrán tí o rí ti wá. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é gan-an ni pé kí ó dènà ìgbì ojú pátákó láàárín báńdì kan. Ìwọ ń wá ọ̀nà fún ìgbì, o wá mọ odi dí i. Èyí tí Fan Yang, Yahya Rahmat-Samii àti akẹgbẹ́ wọn kan gbé jáde ní 2005 ni kí o wò: bàbà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ìṣó kò sí.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kò fi lè kàn tẹ òpó mọ́lẹ̀. Ní 5.5 GHz, ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì kan jẹ́ bíi mìlímítà 14. Òpó tó bá ga tó bẹ́ẹ̀, tó dúró gbọnrangandan lórí irin, òjìji rẹ̀ nínú irin ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ́ wáyà kan náà sílẹ̀ sún mọ́ irin, iná inú òjìji á máa sáré lódì sí tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn.

Pátákó tín-ín-rín lórí irin ní ọgbọ́n mìíràn. Ó ń dín eré ìgbì kù díẹ̀, ìgbì á sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ṣé o ti rí omi tí èèyàn rọra dà láti inú igbá rí? Ó máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ara igbá, ibi tí ara igbá bá ti yí kọrọ ló ti ń já bọ́. Etí pátákó ni ibi ìjábọ́ tìrẹ. Bí pátákó bá rí róbótó, tí wáyà sì wọlé láàárín gbùngbùn, ìgbì á dé gbogbo etí lẹ́ẹ̀kan náà. Lókè tààrà, apá ọ̀tún àti apá òsì á pa ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni agbára á gbà lọ, bíi ti òpó. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ìgbì yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe àǹtẹ́nà pẹlẹbẹ ń ṣépè fún, torí pé ó ń jí agbára wọn.)

Bàbà wẹ́wẹ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láìsí wọn, pátákó tó tín-ín-rín tó báyìí kò lè di ìgbì mú dáadáa.

Ó wá ku báńdì. Láti 5 dé 6 GHz jẹ́ bíi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sì í ṣe kékeré fún ohun tó ga ní mìlímítà 3. L. J. Chu ti fi ìṣirò hàn ní 1948 pé bí àǹtẹ́nà bá ṣe ń kéré sí i ni báńdì rẹ̀ ń há sí i. Nítorí náà, gíga tí o yọ, fífẹ̀ lo máa fi dí i. Fi awo bàbà kan sí àárín, èyí tí wáyà yóò máa bọ́, kí ó máa dún ní nǹkan bíi 5.2 GHz, kí ojú pátákó máa dún nítòsí 5.8. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, kòtò á wà láàárín. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, báńdì kò ní fẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín awo àti bàbà tó yí i ká ni kí o máa yí díẹ̀díẹ̀. Má bẹ̀rù irú ìgbì ojú pátákó kejì: lórí FR4 lásán tó nípọn mìlímítà 3, kò lè bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi kọjá 13 GHz.

FR4 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Owó rẹ̀ kò pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ agbára di ooru, ó sì tún ń mú kí àwòrán báńdì dára lójú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní −10 dB, ohun tó ń sọ ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ló padà. Kò sọ pé mẹ́sàn-án tó kù jáde sí afẹ́fẹ́. Bi í léèrè iye tó jáde gan-an. Bí ẹ̀ka yín bá lè rí pátákó oníTeflon, kódà ẹyọ kékeré kan, gbà á.

Fi irin orí ọkọ̀ náà sínú ìṣirò rẹ, torí pé irin tó bá kéré máa ń jẹ́ kí ìgbì gbé orí sókè. Lẹ́yìn tí o bá yọ ìṣó, kọ́kọ́ wo òkè tààrà. Bí agbára bá ṣì ń lọ síbẹ̀, wò ó bóyá wáyà kò wọlé láàárín gbùngbùn. Tún ìyẹn ṣe kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.